Ọwọ́ Ìyá Ìbejì ni sẹ́ńsọ̀ wa

Ẹ wo híńjì ilẹ̀kùn tó sún mọ́ yín jù. Abala irin méjì ni, ọ̀kan ní ojú róbótó mẹ́ta, èkejì ní méjì, wọ́n á wọnú ara wọn bí ìgbà téèyàn fi ìka ọ̀tún kọ́ tòsì, píìnì kan á wá gba àárín gbogbo ẹ̀ kọjá, wọ́n á lu orí píìnì yẹn pa kó má bàa yọ, ó parí. Ọmọ ọdún mẹ́fà á tò ó fún yín. Nǹkan tí ọmọ ọdún mẹ́fà á tò yìí ló fẹ́ẹ̀ yí mi lórí lọ́dún tí ọ̀gá wa ní òun fẹ́ kí maṣín-ìn máa tò ó.

Ọ̀tà ni ilé-iṣẹ́ yẹn wà, ẹ má bèèrè orúkọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Iná ni mo ń tọ́jú níbẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì, mọ́tò, jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹ̀. Wọ́n á máa pè mí ní ẹnjiníà, èmi náà á máa jẹ́ ẹ.

Ibi prẹ́ẹ̀sì, maṣín-ìn tó ń lu irin, la ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá yẹn sì gbọ́n níbẹ̀, mo gbà fún un. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á gé irin pẹlẹbẹ sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọkùnrin kan á jókòó síwájú prẹ́ẹ̀sì, á fọwọ́ ti irin sábẹ́ dáì, ìyẹn irin líle tó ń gé e tó sì ń ká a, á fẹsẹ̀ tẹ prẹ́ẹ̀sì, gbàm! á tún tì í, gbàm! láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá yá ju ọwọ́ lọ, tàbí tí oorun bá gbé e fìrí, ìka ti lọ nìyẹn. Ẹ wọ ilé-iṣẹ́ irin tó ti pẹ́, kẹ́ ẹ bọ àwọn àgbà ibẹ̀ lọ́wọ́, ẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tá a wá gbé fíídà dé, kọ́ìlì irin, ìyẹn irin gígùn tí wọ́n ká bí ẹní, á máa tú fúnra ẹ̀, rọ́là á nà án kó gún, á sì máa sún un wọnú dáì ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo, dáì yẹn náà ló máa lu ihò, táá fẹ ẹnu ihò kí orí sukurúù lè rì sí i, táá ká ojú róbótó, táá gé e jábọ́. Ọwọ́ èèyàn ò débẹ̀ mọ́. Sẹ́ńsọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń wò ó bóyá irin ti sún dé ibi tó yẹ, tí ò bá tíì dé, prẹ́ẹ̀sì á dúró, torí tó bá lu irin tó dúró wọ́gọwọ̀gọ, dáì lè fọ́, owó dáì kì í sì í ṣe owó ẹ̀pà.

Ohun tó dá mi lójú ni pé ibi tó ń ṣe èèyàn léṣe ló yẹ kí maṣín-ìn kọ́kọ́ lọ. Unimate, róbọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ tó wọ fáktìrì, General Motors ló lò ó ní New Jersey ní 1961, iṣẹ́ wo ni wọ́n fún un? Irin gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ní kó máa gbé. Wọn ò ní kó wá máa fọ abọ́.

Wàyí o, títò. Obìnrin mẹ́fà ló ń tò ó lórí tábìlì gígùn kan, Ìyá Ìbejì ni àgbà wọn. Àwọn tó ta maṣín-ìn fún wa fi fídíò hàn wá, ó ń tò ó wìtìwìtì, ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí fídíò ò sọ ni pé fífi píìnì sínú ihò kì í ṣe wàhálà, sìlíńdà afẹ́fẹ́ kan á tì í wọlé, ó tán. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí abala irin tó wà lókìtì nínú garawa di ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn sì kọjú síbì kan náà. Obìnrin yẹn á ti ọwọ́ bọ garawa, á mú ọ̀kan láìwò ó, kó tó gbé e dé iwájú ara ẹ̀ ó ti yí i. A ò tiẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ lọwọ́ ń ṣe níbẹ̀ yẹn!

Bowl feeder ló ń ṣe é fún maṣín-ìn. Abọ́ irin ńlá kan ni, ọ̀nà tóóró kan lọ́ yí inú ẹ̀ ká láti ìsàlẹ̀ dókè bí ìkarahun ìgbín, mágnẹ́ẹ̀tì kan wà lábẹ́ ẹ̀ tó ń fà á tó ń jọ̀wọ́ ẹ̀, àwọn sípíríńgì á ta á padà, abọ́ á máa gbọ̀n, irin á máa ta pọ́ún pọ́ún gun ọ̀nà yẹn lọ sókè. Èyí tó bá dojú dé, wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà síbì kan tó jẹ́ pé tó bá débẹ̀ kò ní rí ilẹ̀ dúró sí, á já padà sínú abọ́, á tún lọ tò. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kò sí kámẹ́rà, irin tí wọ́n gé pẹ̀lú ọgbọ́n ni, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo èyí tó kù lọ. Àwọn obìnrin wa sọ ọ́ ní abọ́ oníjìnnìjìnnì.

Abọ́ oníjìnnìjìnnì yìí ló wá ní òun ò ní ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́, ọ́ìlì prẹ́ẹ̀sì ló wà lára irin, ó ń lẹ̀ mọ́ abọ́ pẹ́kípẹ́kí, ìyẹn ò le, a bẹ̀rẹ̀ sí í fọ irin ká tó dà á sí i. Èkejì ló rí mi fín. Táwọn NEPA bá mú iná wá, á máa lọ geerege, bí wọ́n bá ti mú un lọ tá a tan jẹ́ń, irin á kàn máa mì lójú kan náà bí ẹni tí òtútù mú, wọn ò ní gòkè. Nígbà míì tí jẹ́ń bá wà níbẹ̀ á tiẹ̀ gbà díẹ̀, kọ́mpúrẹ́sọ̀ á bú sẹ́kún báyìí, abọ́ á tún dákẹ́. Mo tú u, mo tò ó, mo pààrọ̀ wáyà, mo wọn fóltéèjì, fóltéèjì pé. Sikiọ́ríítì wa ní ká jẹ́ kí òun pe alúfàá òun. Mi ò ní purọ́, ó kù díẹ̀ kí n gbà.

Hertz ni, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín sẹ́kọ́ńdù kan. Iná tiwa 50 hertz ni, mágnẹ́ẹ̀tì yẹn sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì nínú àlọbọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà 100 láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, 100 yẹn ni wọ́n ṣe sípíríńgì ẹ̀ bá mu, bí onílù ṣe máa ń fa ọsán dùndún títí ohùn ẹ̀ á fi bọ́ sójú ẹ̀. Jẹ́ń wa, tí ẹrù ò bá pọ̀ lórí ẹ̀ á sáré kọjá 50, tí kọ́mpúrẹ́sọ̀ bá gbé ara lé e á já wálẹ̀. Búlúùbù ò mọ̀, fáànù ò mọ̀, abọ́ mọ̀. Oṣù méjì gbáko! A wá ra kọntirólà tó ń ṣe hertz tiẹ̀ fúnra ẹ̀, tí ò bìkítà nípa èyí tó ń bọ̀ látòde, ọjọ́ yẹn náà ló tán.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kí PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí maṣín-ìn, kí n tó gbàgbé. Òun ló ń sọ fún sìlíńdà pé ó yá, fún prẹ́ẹ̀sì pé dúró. Ní 1968 ni General Motors ní àwọn ò fẹ́ àpótí tó kún fún rílè, ìyẹn súìṣì tí iná ń tẹ̀ fúnra ẹ̀, mọ́, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí mọ́tò tí wọ́n ń ṣe padà ni wọ́n ń tún wáyà tò, ni Dick Morley àtàwọn èèyàn ẹ̀ bá ṣe Modicon 084, iṣẹ́ kẹrìnlélọ́gọ́rin wọn ni, ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ti wá ibi tí rílè kan ti jó láàárín ọgọ́rùn-ún rílè rí ló máa mọ oore tí wọ́n ṣe wá.

Gbogbo nǹkan wá ń lọ, ọ̀gá ń dunnú, làwọn kafíńtà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá híńjì padà. Òmíì ń mì wọ̀lọ̀wọ̀lọ̀, òmíì le koko, ilẹ̀kùn ò ṣeé ṣí. Híńjì kan náà o, dáì kan náà, irin kan náà. A wá rí i pé kọ́ìlì tí wọ́n kọ 1.5 milimítà sí lára, tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n níbòmíì 1.4 lẹ máa bá. Èyí tó bá fẹ́lẹ́, inú ojú róbótó ẹ̀ á fẹ̀ jù, píìnì á máa jó nínú ẹ̀, èyí tó bá nípọn á fún píìnì pa. Ọ̀gá ní kí ló dé tí èyí ò ṣẹlẹ̀ rí látọjọ́ tí a ti ń ra irin yìí.

Ìyá Ìbejì ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ó ń ṣẹlẹ̀, sà. Mò ń ṣà á ni." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì àtijọ́ yẹn, èyí tó ti dáwọ́ ẹ̀ lé kí maṣín-ìn tó dé, híńjì burúkú ló kún ibẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n, bí píìnì bá ṣe wọlé, bóyá ó wọlé tìrọ̀rùntìrọ̀rùn jù ni àbí ó takú. Mo ní, "Mà, ẹ ò sì sọ fún wa." Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ ò bi mí."

Ohun tá a ṣe nìyí. Mo fi load cell sídìí sìlíńdà tó ń ti píìnì, kó máa ka agbára tó fi tì í. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó pọ̀ jù, mélòó ni ò tó? Ìwé maṣín-ìn ò mọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Ìbejì fi jókòó tì mí, híńjì á jáde, á ṣí i, á pa á dé, á ní "èyí dáa", "èyí ò ní ṣe é", mo ń kọ nọ́ḿbà tó bá a rìn sílẹ̀. Nọ́ḿbà yẹn ni mo kọ sínú PLC. Gbogbo èyí tó bá bọ́ sóde ẹ̀, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ bọ́ sínú páálí.

Nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mẹ́rin lọ síbi tí wọ́n ti ń kó híńjì àti sukurúù sí ọ̀rá, àwọn méjì kúrò. Wọ́n ní ó wù wọ́n láti kúrò ni. Mi ò gbà á gbọ́ pátápátá. Mo ní kí wọ́n fowó kún owó Ìyá Ìbejì torí ohun tó ṣe, wọ́n fi kún un lóòótọ́, ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ iye ẹ̀.

Èmi náà ti kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo yà kí wọn gbẹ̀yìn, èmi àti Ìyá Ìbejì jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣín-ìn, ó na ọwọ́ sínú èyí tó dáa, ó mú ọ̀kan, ó gbé e súnmọ́ etí, ó ṣí i, ó pa á dé, ó sọ ọ́ sínú páálí èyí tí ò dáa, kò sì dá ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ́wọ́ dúró. Ìgbà tó yíjú, mo mú un, mo gbé e síwájú iná. Píìnì ẹ̀ tẹ̀ báyìí, kò ju fọ́nrán irun lọ.