Àtẹ Àkókò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi ra bíà onígò fún ìkómọ àbúrò mi. Ẹ̀yin náà kúkú mọ irú ọ̀tá tí èmi àti sẹ́fà, owó wa ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ń bára wa ṣe. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Táyé, ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè fá irùngbọ̀n, ẹ fẹ́ pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo?" Mo rẹ́rìn-ín. Tíṣà ni mí. Kí ni àtẹ àkókò ò lè ṣe?

Mo fi rúlà àti bírò pupa ya àtẹ sára ògiri ilé ìdáná. Ọjọ́ Ajé, rírẹ àgbàdo. Mo tilẹ̀ fi "ìsinmi" sí i, bí ẹni pé àgbàdo fẹ́ jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ago 12 la máa ń ṣíwọ́, ago 3 la máa ń padà. Àárín yẹn ni mo rọ́ gbogbo iṣẹ́ sí.

Àgbàdo ò kàwé. Odidi ọjọ́ kan ló fi ń mu omi. Kó tó hù lábẹ́ ewé, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ ó tún sá a, ẹ ó lọ̀ ọ́, ẹ ó sè é, ẹ ó sẹ́ ẹ. Òru ni mo ń sè é, ọwọ́ kan ń rò ó, ọwọ́ kejì ń máàkì. Ẹ̀yin òbí Kétu tí ẹ rí àbàwọ́n lára ìwé ọmọ yín, ẹ forí jì mí.

Mo wá da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àtijọ́ sí i kó lè ru. Ọtí tó ń ru, ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣí ìdérí rẹ̀ kó lè mí. Ta ni yóò ṣí i nígbà tí ìyàwó mi ti lọ sọ́jà? Mo gbé bídọ̀ọ̀nù ọtí náà, kẹ́ẹ̀gì lítà 25, lọ sílé-ìwé, mo tì í sábẹ́ tábìlì mi.

Dìktéè la wà, mo ń pe Faransé, àwọn ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ń fa ohùn, mo ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ. Gbàù! Ìdérí lu páànù òrùlé, ọtí fọ pátákó mọ́ tónítóní, gbogbo kíláàsì wọ abẹ́ àga. Ọmọ kan ké pé, "Mùsíè, wọ́n ti dé o!" Ta ló dé? Títí dòní kò tíì sọ. Nígbà tí mo ń máàkì, mo rí ẹni tó kọ "gbàù" sáàárín Faransé, ó sì fi kọ́mà sí i. Mi ò yọ máàkì rẹ̀. Kọ́mà náà wà níbi tó yẹ.

Dìrẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé wa, sáré dé. Ó wàásù: ìwà, àpẹẹrẹ rere, ọjọ́ ọ̀la ọmọ. Bó ṣe ń wàásù ló ń fi ìka nu tábìlì mi, tó ń lá a. Ó ní òun gbẹ́sẹ̀ lé èyí tó kù, "fún ààbò àwọn ọmọ". Ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í gbé àga!

Ago 3 lù, a ò gbọ́ agogo. Mo lọ wò ó. Dìrẹ́tọ̀ ń wá agogo lábẹ́ tábìlì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú dúrọ́ọ̀, agogo sì wà ní abíyá rẹ̀. Òsúkè ti mú un. Bó bá ti ṣe híkì, agogo á dún, àwọn ọmọ á sì tú jáde fún ìsinmi.