Wolfmother: àwo orin àkọ́kọ́ tí kò sú mi

Mo tún gbé àwo orin àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Wolfmother sétí lálẹ́ àná. Ọdún 2005 ni àwọn ọmọ Ọsirélíà mẹ́ta yìí gbé e jáde, àmọ́ bí o bá dijú, wàá ní ọdún 1971 ni. Gìtá Andrew Stockdale ń kùn bí ààrá. Ohùn rẹ̀ tínrín, ó ń gòkè lọ fíofío. Chris Ross gan-an ló wù mí jù: òun ló ń ta béèsì, òun náà ló ń tẹ dùùrù. Tí dùùrù yẹn bá ti ké wọlé, tí ìlù Myles Heskett gbà á lẹ́nu rẹ̀, orí mi á wú!

Àwọn kan ní wọ́n kàn ń ṣàfarawé Black Sabbath, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ìgbà 1971 yẹn, ni. Rárá o. Wọ́n fẹ́ràn orin àtijọ́ yẹn dénú ni. Orin kan nínú rẹ̀ gba Grammy ní 2007, ó sì tọ́ sí wọn.