Harmony Sovereign 1966: ṣé kí n rà á àbí kí n fi sílẹ̀?

Sátidé, alẹ́

Mo ti rí èyí tí mò ń wá o. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ń ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo lórí fóònù mi, tí mo bá jí láàárọ̀ màá wò ó, tí mo bá jẹun tán màá tún wò ó, gìtá Harmony Sovereign H1260 ni, ẹnì kan ń tà á ní Sheffield, ní England lọ́hùn-ún, £260 ló pè é. Èmi n'Íbàdàn, gìtá ní Sheffield, àmọ́ àbúrò mi obìnrin wà ní Leeds, Leeds àti Sheffield ò sì jìnnà síra rárá. Tí kì í bá ṣe tiẹ̀ ni, mi ò ní dá a láṣà.

Kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ òun. Tẹ́ ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì wo inú gìtá, ẹ máa rí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ojú ẹ̀ kí okùn má baà fà á bàjẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ gìtá olókùn irin, méjì nínú àwọn igi yẹn gba orí ara wọn kọjá bíi lẹ́tà X. Ti Harmony yìí dábùú ni, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan bí àkàsọ̀. Ohùn tó ń jáde níbẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, á ta jáde lójú ẹsẹ̀, á le, á gbẹ, á sì kú kíá kí èyí tó kàn tó dé, wọn ò ní dà pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá ń fi àtàńpàkò àti ìlábẹ̀ nìkan ta gìtá bíi tàwọn àgbà tó ń ta á nídìí ẹmu, ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Àwọn atukọ̀ Kru láti Liberia ló gbé ọwọ́ títa yẹn kiri etíkun títí ó fi dé Èkó, ó sì wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ jùjú kí Ayinde Bakare tó so gìtá tiẹ̀ mọ́ áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga, ní 1949. Gìtá plywood tí mo tún ṣe tán lọ́dún tó kọjá ò lè sọ èdè yẹn, mo ti gbìyànjú gan-an, ohùn ẹ̀ ń fà bí ọbẹ̀ ilá.

Mọ́ńdè

Mo kàwé nípa ilé iṣẹ́ Harmony títí ilẹ̀ fi ṣú. Wilhelm Schultz, ará Jámánì tó kó lọ sí Chicago, ló dá a sílẹ̀ ní 1892, Sears, ilé ìtajà ńlá Amẹ́ríkà, rà á ní 1916, ó sì kógbá sílé ní 1975. Gìtá mẹ̀kúnnù ni Harmony, kì í ṣe gìtá olówó, àmọ́ ojú H1260 yìí, spruce gidi ni, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ mahogany gidi, ìbátan ọ̀gánwó tiwa tó wà lọ́jà pákó Bódìjà, kò sí plywood níbẹ̀.

Ẹni tó ń tà á kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ṣe é kí 1960 tó wọlé. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó ti fóònù ẹ̀ bọ ihò gìtá náà kó ya inú ẹ̀ fún mi. Ó ṣe é. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, yíǹkì ẹ̀ ti ń parẹ́ lọ, nọ́ńbà kan tó parí sí H1260, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ni S-66. Ọdún 1966 nìyẹn. Mi ò bá a jà, èèyàn púpọ̀ ló ń ta ohun tí bàbá wọn fi sílẹ̀ láìmọ ọdún tó wọlé. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ra Harmony, kó bèèrè òǹtẹ̀ yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Ìyàwó mi wá dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò ra tuntun? Tuntun kì í ní àìsàn." Mi ò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀, nítorí òótọ́ ló wà lẹ́nu ẹ̀.

Wẹ́sìdé

Ọ̀rọ̀ ọrùn ló kù báyìí. Okùn irin mẹ́fà, tí wọ́n bá ti fà wọ́n dé ohùn tó yẹ, agbára tí wọ́n fi ń fa igi yẹn tó 70 kílò, ó ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ dáadáa, kí irú ẹ̀ wá máa fa nǹkan tọ̀sán tòru fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Díẹ̀díẹ̀ ni ọrùn á máa tẹ̀ síwájú, tí okùn á máa ga sókè kúrò lójú fret (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn), títí ìka ò fi ní lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ni owó gìtá àtijọ́ wà, kì í ṣe nínú dídán ojú ẹ̀.

Fọ́tò mẹ́sàn-án ni ọkùnrin yìí gbé síbẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn ni gbogbo ẹ̀, oòrùn ojú fèrèsé ń tàn sí i lára, ó rẹwà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Kò sí ọ̀kan tó ti ẹ̀gbẹ́ yà. Mo bá kọ̀wé sí i pé kó bá mi wá rúlà gígùn, kó tẹ́ ẹ lé orí àwọn fret látòkè ọrùn, kó máa tì í lọ síwájú títí orí rúlà á fi dé ibi bríjì, igi tí wọ́n so okùn mọ́ lójú gìtá, kó wá bẹ̀rẹ̀ kó yà á láti ẹ̀gbẹ́. Tí ọrùn bá dáa, rúlà á gun orí igi bríjì. Tí kò bá dáa, á lọ forí sọ ọ́ níwájú.

Fọ́tò yẹn wọlé ní aago mọ́kànlá alẹ́. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí ó fi di wúruwùru. Rúlà forí sọ bríjì láàárín gbùngbùn. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ẹnì kan ti fá bríjì náà tẹ́lẹ̀: ó ti pẹlẹbẹ jù, ojú ibi tí wọ́n ti fá a mọ́lẹ̀ ju ibi yòókù lọ, egungun funfun tó gbé okùn ró sì ṣẹ́kù bí èékánná tí wọ́n gé jù sílẹ̀. Onítọ̀hún rí i pé okùn ti ga, dípò kó tú ọrùn kó tún un dè bó ṣe yẹ, bríjì ló gé. Síbẹ̀ náà okùn ṣì fi mílímítà 4.5 ga ní fret kejìlá. Èmi ò fẹ́ kó ju 2.5 lọ.

Mi ò sùn dáadáa.

Tọ́sìdé

Bàbá kan wà ní Mọ́kọ́lá tó ti ń tún gìtá ṣe kí wọ́n tó bí mi. Mo gbé fóònù lọ bá wọn. Wọ́n wo àwọn fọ́tò tó rẹwà yẹn wọn ò sọ nǹkan kan, ìgbà tí wọ́n dé ti rúlà ni wọ́n dojú fóònù bolẹ̀, wọ́n tún gbé e sókè. "Ọmọ mi, ojú lo ti rà, o ò tíì ra ọrùn." Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ lè bá mi tú ọrùn yẹn?" Wọ́n ní ojú àwọn ò gbé irú iṣẹ́ yẹn mọ́, ṣùgbọ́n tí n bá fẹ́ kọ́ ọ, kí n wá, àwọn á jókòó tì mí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé kápù mi sí ṣọ́ọ̀bù wọn.

Àbúrò mi ti bèèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ kan ní Leeds, £350 lẹni yẹn máa gbà láti tú ọrùn kó sì tún un dè. Ó ti ju owó gìtá lọ nìyẹn.

Mo tún rí Eko Ranger kan ní £190. Recanati ní Ítálì ni wọ́n ti ń ṣe Eko, ọrùn Ranger ò ní gọ́ọ̀mù, skúrúù ni wọ́n fi dè é mọ́ ara, èèyàn á tú u, á ki igi pẹlẹbẹ kékeré bọ abẹ́ ẹ̀, á tún un dè, ìṣẹ́jú ogún. Plywood ni, ọyẹ́ ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ti ìrọ̀rùn nìkan ni, òun ni mi ò bá rà. Mo ti ta irú ẹ̀ rí ní ilé ọ̀rẹ́ mi kan, ó lágbára, àmọ́ ohùn ẹ̀ jókòó sínú lọ́hùn-ún, kì í ta jáde bí mo ṣe fẹ́.

Sátidé

Lónìí mo fi òkú gìtá kan kọ́ṣẹ́, èyí tí ojú ẹ̀ ti jìn tó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi ó ti pẹ́. Bàbá jókòó sórí àpótí. Bó ṣe rí nìyí: ọrùn wọ ara níbi fret kẹrìnlá, ìdí ẹ̀ fẹ̀ nínú ju ẹnu lọ, inú ihò tó bá a mu ló wọ̀, kò lè yọ síwájú láéláé, àfi kó gòkè. Torí náà èèyàn á yọ fret kẹẹ̀ẹ́dógún, á fi dírìlì tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ kó lè jáde sínú àlàfo kékeré tó wà níbi ìdè yẹn, á wá fọ́n ooru omi gbígbóná síbẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè rọ̀. Pọ́ọ̀tù kékeré la gbé kaná, a so ọ́ọ̀sì rọ́bà mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fọ́n atẹ́gùn sí bọ́ọ̀lù ló wà lẹ́nu ọ́ọ̀sì.

Mo rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa gbà. Ó gba ju ogójì lọ. Omi ń kán láti abẹ́ ọrùn, òórùn gọ́ọ̀mù gba gbogbo ilé, Bàbá ń sọ pé "má fipá ṣe é, má fipá ṣe é, máa mì í jẹ́jẹ́," mò ń mì í, kò mira, àfi lẹ́ẹ̀kan náà tí mo gbọ́ tí ó ké "kìì" tó sì gòkè bí ìka méjì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Plywood ṣí díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Bàbá ní gọ́ọ̀mù ìgbàlódé tó wà nínú èyí ló jẹ́ kó le bẹ́ẹ̀, pé gọ́ọ̀mù awọ ẹran tí wọ́n ń lò nígbà yẹn kì í bá ooru omi jà tó báyìí.

Lẹ́yìn tí mo fi ọwọ́ ara mi tú ọ̀kan, ìbéèrè mi yí padà. Kì í ṣe bóyá gìtá yẹn ní àìsàn mọ́, mo ti mọ̀ pé ó ní, iye tó yẹ kí n san fún gìtá tó ní àìsàn tí èmi fúnra mi lè wò ló kù. Mo fi í sí £160, mi ò ní kọjá £180.

Sọ́ńdè

Àbúrò mi lọ síbẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa gìtá, àmọ́ ó gbé fídíò kó lè fi ohun gbogbo hàn mí, mo sì ní kó máa fi ìka kan ẹ̀yìn ẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, kó máa fetí sí i. Kó, kó, kó, kó, ó wá dé ibì kan lápá òsì nísàlẹ̀, ohùn yí padà. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn? Ó ń dún bíi páálí." Igi inú kan ti tú nìyẹn. Ìyẹn ò le, gọ́ọ̀mù àti kílám̀pù ni. Kò sí sísán kankan lójú ẹ̀, ìyẹn ni mo bẹ̀rù jù.

Mo ní kó fún ọkùnrin náà ní fóònù. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rúlà fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo sọ iye tí oníṣẹ́ Leeds pè, mo ní £160. Ó ní £200. Mo dákẹ́. Ó ní gìtá ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni, inú òun dùn pé ẹni tó máa tún un ṣe ló fẹ́ rà á. A parí ẹ̀ sí £175.

Ọ̀rọ̀ ibodè náà wà ńbẹ̀ o, mo fi ọjọ́ kan gbáko yẹ̀ ẹ́ wò. Igi dúdú tó wà lójú ọrùn rosewood ni. Láti òpin 2019, ohun èlò orin tí wọ́n fi rosewood ṣe ò nílò ìwé CITES (àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo igi àti ẹranko tó ń ṣọ̀wọ́n) mọ́, àfi tó bá jẹ́ ti Brazil, Dalbergia nigra, ìyẹn ti wà lábẹ́ òfin tó le jù láti 1992, kò gbọdọ̀ kọjá láìníwèé. Nítorí náà kí gìtá yìí tó gbéra, oníṣẹ́ Leeds yẹn máa wo igi náà, kó sọ èyí tó jẹ́.

Wẹ́sìdé

Ó ti wà nínú yàrá àbúrò mi. Ó fẹ́ gbé e bọ̀ ní Disẹ́ńbà tó bá ń bọ̀ wálé, mo ní rárá. Disẹ́ńbà ni ọyẹ́ máa ń gbẹ ètè gbẹ awọ, igi gidi tó ti gbé ilẹ̀ olómi láti ọjọ́ pípẹ́, tó bá já sínú ọyẹ́ Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ẹ̀ máa sán. Kó dúró di ìgbà òjò, ní Éépírì tí ọkọ àbúrò mi ń bọ̀. Mo ní kó dẹ okùn sílẹ̀, kó má gbé e súnmọ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, kó fi fóòmù tútù sínú àpótí ọṣẹ tí wọ́n dá ihò sí lára, kó fún omi ẹ̀ dànù dáadáa, kó gbé e sínú kéèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí gìtá.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ ò wá ní gbọ́ ohùn ẹ̀ títí dìgbà yẹn?" Mo ní kó tó dẹ okùn, kó ta èyí tó nípọn jù lẹ́ẹ̀kan péré, kó gbà á sílẹ̀ fún mi lórí WhatsApp. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún láti àárọ̀, mo gbé e lé etí ìyàwó mi, mo gbé e lé etí Bàbá ní Mọ́kọ́lá. Ó ta jáde, ó le, ó sì kú kíá.