Báǹkì àdúgbò wa kógbá sílé, owó àjọ há: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì mi padà, lẹ́yìn ọjọ́ 41, ó sì ṣì ń ká mi lára.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ nílùú ọba, ọ̀rọ̀ yín ni mò ń sọ. Ìyá alájọ ni mí, ọdún kọkànlá rèé. Àwa 12 ni, £200 lóṣooṣù, ẹni tó bá kàn á kó £2,400. Àwa tí à ń tọ́jú arúgbó wà níbẹ̀, àwọn tó ń tún ọ́fíìsì ṣe láago mẹ́rin ìdájí, onídìrí kan, bàbá kan tó ń wa bọ́ọ̀sì. Àwọn kan ń fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì mi, àwọn tó kù ń gbé kéèṣì wá sílé, nínú báàgì náílọ́ọ̀nù, nínú àpòòwé, ẹnì kan tiẹ̀ máa ń fi tiẹ̀ sínú ike áísì kirimù kí ọkọ ẹ̀ má baà rí i.

Báǹkì tó wà ní Plumstead nítòsí wa, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mò ń gbé kéèṣì náà lọ. Mi ò ní dárúkọ wọn. Arábìnrin ará Jàmáíkà kan ló máa ń jókòó sí kántà, ó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo to owó náà síwájú ẹ̀, ó wò mí láti orí gíláàsì ojú ẹ̀, ó ní, "Pardner?" Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé. Mo ní, "Háà, àjọ mà nìyẹn!" Àwọn ará Jàmáíkà náà ń dá àjọ bíi tiwa gẹ́lẹ́, pardner ni wọ́n ń pè é. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí pé owó wo lèyí mọ́. Á kàn ka á tán, á ní, "Mama, ó ku £20 o," èmi á sì ti mọ ẹni tí màá pè. Lẹ́yìn 30 oṣù kẹsàn-án 2022 tí £20 oníbébà kò ṣeé ná lọ́jà mọ́, ẹnì kan ṣì kó mẹ́wàá rẹ̀ wá fún mi láti abẹ́ ibùsùn. Arábìnrin orí kántà yẹn náà ló bá mi gbà á wọ àkáǹtì, kò jẹ́ kí n rìn dé Bank of England.

Ẹ ò rí i, mi ò mọ̀ nígbà náà pé obìnrin yẹn ni báǹkì mi. Mo rò pé ilé náà ni.

Lẹ́tà wá dé pé wọ́n fẹ́ ti ẹ̀ka náà pa. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n máa ń fi ṣe ìkìlọ̀. Mo ki lẹ́tà náà bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ìwé àwọn oní-pizza. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ òyìnbó o, NCE ni mo ní kí n tó kúrò nílé. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ó rẹ̀ mí. Àti pé ta ló ń ka lẹ́tà báǹkì? Nígbà tí mo máa padà lọ, bébà funfun ti bo fèrèsé wọn. Wọ́n ní àwọn èèyàn kì í wá mọ́, pé orí fóònù ni gbogbo ayé ti ń ṣe é. Èmi ń lọ o! Ìlà máa ń wà níbẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, gbogbo wa pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọjà wa. Which?, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà oníbàárà, ti ń ka àwọn ẹ̀ka tó ń lọ láti 2015. Ó ti ju 6,000 lọ káàkiri ilẹ̀ yìí.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyẹn: ẹ ṣí lẹ́tà. Tí mo bá ti ṣí i ni, ǹ bá ti lọ bá arábìnrin yẹn kó tó kúrò, kó bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí àwọn tó kù á ti rí i pé owó àjọ ló ń wọlé fún obìnrin yìí lóṣooṣù. Ohun tó mọ̀ nípa mi, orí ẹ̀ ló wà. Ó gbé orí ẹ̀ lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kéèṣì lọ sí Post Office. Ó dáa, wọ́n ń gba owó fún báǹkì púpọ̀. Ẹ fún wọn ní káàdì, wọ́n á ka owó, wọ́n á já rìsíìtì fún yín. Àmọ́ owó nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, wọn kì í gbọ́ àlàyé. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà.

Ó wá di Sátidé kan. Mo wà ní Asda, mo ti to ìrẹsì, ẹyin àti tòlótòló sórí kántà, mo fi káàdì kàn án. Declined. Mo tún fi í kàn án. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́. (Ẹ̀rọ wọn ò bàjẹ́.) Mo fi ẹrù sílẹ̀, mo jáde, mo ṣí áàpù lórí fóònù. Owó wà níbẹ̀ o, £2,611.40, mò ń wò ó. Mo tẹ ibi tí èèyàn ti ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n ní kí n pe àwọn.

Ìṣẹ́jú 52 ni mo fi gbọ́ orin. Ọmọkùnrin kan gbé e níkẹyìn, ohùn ẹ̀ dà bíi ti àbígbẹ̀yìn mi. Ó ní òun rí i pé wọ́n ń yẹ àkáǹtì mi wò, òun ò lè sọ ìdí ẹ̀. Ó ní owó tó wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, níbo ló ti wá? Mo ní àjọ ni. Ó ní kí n sípẹ́ẹ̀lì ẹ̀. A, J, O. Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ṣé ilé-iṣẹ́ ni?" Mo ní rárá, àwa èèyàn 12 la jọ ń dá a. Ó ní, "Ṣé ẹ ní ìwé àṣẹ fún un?" Mo rántí arábìnrin Jàmáíkà yẹn, omi bọ́ lójú mi níbi tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ ọjà sí.

Ìyẹn ò tíì burú.

Ìyá Ìbejì ni oṣù náà kàn. Ilé ìyá ẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n fẹ́ kan òrùlé ẹ̀ kí òjò tó dé, káfíńtà ti gba àsansílẹ̀, páànù ti wà nílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó wá sílé mi pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀. Kò tíì mú ẹnikẹ́ni wá gbowó lọ́dọ̀ mi rí. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ dìde. Mo gbé málítì kalẹ̀, kò ṣí i. Mo na fóònù sí wọn, mo ní ẹ wò ó, owó yín rèé, báǹkì ló dì í mú. Bàbá yẹn gba fóònù, ó wò ó, ó dá a padà, ó ní, "Ohun tó bá wu èèyàn ni fóònù ìsinsìnyí lè gbé jáde." Èmi! Èmi tí mo ti ń kówó fún wọn láti ọdún mọ́kànlá, tí mi ò jẹ kọ́bọ̀ ẹnì kan. Mo wo Ìyá Ìbejì pé kó bá mi sọ ọ́. Kò gbójú sókè. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ló tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyá Alájọ, èmi ò sọ nǹkan kan o." Ǹjẹ́ ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dunni? Kó bú mi sàn jù ú lọ.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ náà, ẹnì kan kọ ọ́ sórí WhatsApp àjọ wa pé, "Ìfura loògùn àgbà o." Ẹnì kejì fi àmì ọwọ́ àdúrà sí i. Ẹnì kẹta kọ pé ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi kó máa dà, mo jókòó sí etí ìwẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà gbọ́ mi.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé ẹ lè rò pé báǹkì tó lọ, ọ̀rọ̀ ìrìn ẹsẹ̀ lásán ni, pé èèyàn á kàn wọ bọ́ọ̀sì. Mo wọ bọ́ọ̀sì. Ní Mọ́ńdè, mo wọ 96 lọ sí Bexleyheath níbi tí ẹ̀ka wọn kù sí. Ọmọbìnrin kan dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tablet lọ́wọ́, ó ní ṣé mo ti gba àyè tẹ́lẹ̀. Mi ò gbà á. Ó ní ó di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò pariwo o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo pariwo. Mo kàn jókòó síbẹ̀ ni, mo yọ ìwé mi.

Ìwé yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, kódà bí ẹ ò bá gbọ́ ìyókù. Ìwé nóòtù tí ọmọ mi lò kù ni, ìṣirò ẹ̀ ṣì wà ní iwájú. Láti ẹ̀yìn ni mo ti ń kọ tèmi: orúkọ, oṣù, iye, ẹni tó kó o, bírò pupa fún ẹni tó jẹ gbèsè. Àwọn ọmọ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó lórí ìwé yẹn, pé WhatsApp wà, kí ni mò ń kọ. Mo ti fẹ́ dà á nù lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo ṣí i níwájú ọmọbìnrin yẹn, ó pe ọ̀gá ẹ̀. Ọ̀gá náà jókòó tì mí, ó ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka tọ orúkọ, ó ń fi í wé owó tó wọlé. Ó ya fọ́tò ojú ewé 14. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Sátidé tó wo ojú mi tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo dúró, mo tún dúró, wọ́n ṣí i. Wọ́n fi £75 sí i pé kí n má bínú. Mo ti yá £2,400 lọ́wọ́ àbúrò mi ọkùnrin, mo ti fún Ìyá Ìbejì, wọ́n ti kan òrùlé. Ó ti kúrò nínú àjọ. Tá a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, "ẹ káàárọ̀ mà" lásán ni.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí mo wá mọ̀ nígbẹ̀yìn. Òfin kan wà láti 2002, Proceeds of Crime Act, òfin lórí owó tó bá ti inú ìwà ọ̀daràn wá. Bí báǹkì bá fura sí owó, wọ́n á fi tó National Crime Agency, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn, létí, òfin náà ò sì gbà kí wọ́n sọ fún yín. Ọjọ́ iṣẹ́ méje ni wọ́n ń dúró dè ní àkọ́kọ́, ó sì lè fi ọjọ́ 31 lé e. Ẹ ka ọjọ́ 41 tèmi wò. Torí náà ọmọkùnrin orí fóònù yẹn ò hùwà ìkà, mo ti dárí jì í. Àjọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Àìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn kántà ni.

Ẹ̀kọ́ kejì, àbí ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí owó àjọ àti owó oúnjẹ yín wà nínú àkáǹtì kan náà. Owó oṣù mi gan-an há síbẹ̀, ìrẹsì ni mo yá lọ́wọ́ aládùúgbò. Kí àwọn èèyàn yín sì kọ nǹkan gidi síbi tí wọ́n ti ń kọ ìdí tí wọ́n fi fowó ránṣẹ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa jẹ mí lówó epo pupa, ó pa á pọ̀ mọ́ owó àjọ, ó kọ "oil money". Mi ò ní òun ló fà á. Àmọ́ ẹ wò ó náà.

Tí wọ́n bá dì yín mú, ẹ fi ẹjọ́ sùn lọ́wọ́ báǹkì náà fúnra ẹ̀ kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀; wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti fèsì, lẹ́yìn náà ẹ lè gba ọ̀dọ̀ Financial Ombudsman, àwọn tó ń parí ìjà láàárín báǹkì àti oníbàárà, lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sì bèèrè bóyá banking hub wà nítòsí yín, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò ní Rochford àti Cambuslang ní 2021. Kántà Post Office ni, àmọ́ báǹkì kọ̀ọ̀kan ń rán òṣìṣẹ́ tiẹ̀ wá lọ́jọ́ tiẹ̀. Ẹ mọ ọjọ́ tiyín, kí ẹ lọ kí ẹni yẹn kí ọ̀ràn tó dé. Ẹ mú ìwé yín dání lọ.

Ní oṣù kejì 2023 tí wọ́n pààrọ̀ náírà, àbúrò mi ní Ọ̀yọ́ tò sídìí ATM láti aago márùn-ún ìdájí nítorí ₦5,000 tirẹ̀. Mo fi í rẹ́rìn-ín láti ibí, mo ní ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Òun ló kọ́kọ́ pè mí nígbà tí tèmi dé, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn ni, ǹ bá bẹ oní-POS ìkóríta kó yá mi ní díẹ̀. Ìkóríta ibí, ṣọ́ọ̀bù èékánná ni wọ́n sọ báǹkì wa dà.

Ìwé tuntun ti wà báyìí, èyí tó ní páálí líle. Tí ẹ bá mú £200 wá, ẹ ó fọwọ́ sí i lójú mi. Ẹni tó bá fi ránṣẹ́ náà á wá fọwọ́ sí i kí oṣù tó parí. Wọ́n ń ráhùn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló máa kó ti oṣù yìí ní Sátidé, kò sì tíì fọwọ́ sí ti oṣù tó kọjá, ó ní ọwọ́ òun dí. Kó máa wa bọ́ọ̀sì ẹ̀ lọ. Tí kò bá fọwọ́ síwèé, kò ní gbowó.