"Ta ló kọ́ wọn?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi iṣẹ́ lókè òkun níbí, ọ̀gá kan rí àwòrán orí idẹ Ifẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó yìn ín títí, ó wá ní, "Ta ló kọ́ wọn?" Kò fi ìkà sọ ọ́, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ ti dájọ́ tán, ẹlẹ́rìí ló kù tó ń wá.

Ìbéèrè yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1910, Leo Frobenius ti Jámánì dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí orí idẹ kan tí wọ́n ń pè ní Orí Olókun. Ó ní àwọn Gíríìkì ló wá tẹ̀dó síbẹ̀, pé Atlantis ni, pé Olókun wa ni Poseidon wọn. Ó tún kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ba òun lọ́kàn jẹ́ pé àwọn arọ́mọdọ́mọ tí làákàyè wọn kò pé ló ń tọ́jú irú ẹwà bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa tó jókòó níwájú rẹ̀ ló ń wí. Nígbà tó di 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ hú orí idẹ bíi tirẹ̀ jáde lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ìṣèlú náà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìjọba aláwọ̀ funfun ní Rhodesia, tí a ń pè ní Zimbabwe lónìí, kò fẹ́ kí a kọ ọ́ pé ènìyàn dúdú ló fi òkúta kọ́ ìlú àtijọ́ Great Zimbabwe, bẹ́ẹ̀ àwọn awalẹ̀pìtàn, David Randall-MacIver, ti sọ ọ́ láti 1905, Gertrude Caton-Thompson sì tún un sọ ní 1929. Peter Garlake, tó ń bójú tó àwọn ibi ìrántí níbẹ̀, kò gbà láti yí ohun tó rí padà. Ó fi iṣẹ́ àti ìlú sílẹ̀ ní 1970. Ilé-Ifẹ̀ ló gbà á. Láàárín 1971 sí 1973 ó wa ilẹ̀ Ọbalárá àti Wóyè Àsírí, ó sì kan àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n tò sílẹ̀, irú èyí tí òjò ń hú jáde lójú ọ̀nà tí a ń tẹ̀ kọjá lọ sọ́jà. Ilẹ̀ Lúwo ni, Ọọ̀ni obìnrin tí ìtàn ní ó ní kí wọ́n fi àfọ́kù tẹ́ ojú ọ̀nà Ifẹ̀. Ẹ mọ ìyókù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì Ifẹ̀ ló ká mi lára jù. Ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì wà tí inú rẹ̀ ń dán, tí gíláàsì aláwọ̀ búlúù ti yọ́ mọ́ amọ̀ rẹ̀. Frobenius fúnra rẹ̀ rí irú wọn. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn onímọ̀ ń wí ni pé gíláàsì tó ti òkèèrè wá ni Ifẹ̀ kàn ń yọ́ tún lò. Wíwo ìkòkò nìkan kò lè já a, torí ẹni tó ń yọ́ àlòkù àti ẹni tó ń fi yanrìn ṣe é, irú ìkòkò kan náà ni wọ́n máa fi sílẹ̀. Àfi kí a wọn ohun tó wà nínú gíláàsì.

Èérún bíńtín ti tó. Wọ́n á rì í sínú résínì, oje tó máa ń le gbagidi, wọ́n á yùn ún títí wọ́n á fi kan ibi tí ilẹ̀ kò tíì jẹ. Ẹni tó bá fo èyí, èèpo ló wọ̀n: omi inú ilẹ̀ ti fa sódà àti pótáàṣì jáde, ìwọ̀n èyí tó kù á wá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kí a má sì fi ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ṣe é. Ìlẹ̀kẹ̀ máa ń rìnrìn àjò. Gíláàsì tó lẹ̀ mọ́ ìkòkò kì í kúrò níbi tí wọ́n ti yọ́ ọ.

Gíláàsì Róòmù sábà máa ń ní àlùmínà, èròjà kan tó máa ń wà nínú amọ̀ àti àpáta, bíi 2 sí 3 nínú 100. Nínú ti Ifẹ̀, láìmù, èròjà ẹfun, lé ní 10, àlùmínà náà lé ní 10. Yanrìn tó jẹrà lára àpáta gíráníìtì ló ń fún un ní àlùmínà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àpáta yìí kan náà tí ilé wa jókòó lé. Àwọn olùwádìí James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren kọ èyí jáde ní 2006. Ọdún 96 lẹ́yìn Frobenius! Ìkòkò náà kò sá pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Awalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola wá wa Igbó Olókun, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 àti pàǹtírí iṣẹ́ gíláàsì tó tó kílò mélòó kan, láti sẹ́ńtúrì kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Irú gíláàsì yìí kan náà ni wọ́n sì ti bá ní Gao àti Essouk ní Mali, létí aṣálẹ̀ Sàhárà. Láti ọ̀dọ̀ wa ló ti gbéra.