Fáyólìnì tí àwọ̀ rẹ̀ kò tíì ṣá

Lọ́sàn-án Sátidé, mo dúró pẹ́ níwájú àpótí onígíláàsì kan ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ashmolean ní Oxford, níbi tí fáyólìnì tí wọ́n ń pè ní Mèsáyà wà. Antonio Stradivari ló ṣe é ní Cremona, ní Ítálì, lọ́dún 1716, síbẹ̀ fáníìṣì rẹ̀ tó pọ́n ṣì ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún, nítorí pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ta á rí. Igi maple méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀, orí rẹ̀ sì ká bí ìkarahun ìgbín. Ọ̀dọ̀ Stradivari ló wà títí ó fi kú lọ́dún 1737. Ọmọ rẹ̀, Paolo, ló tà á fún ìjòyè Cozio di Salabue. Luigi Tarisio, oníṣòwò fáyólìnì ará Ítálì tó rà á lẹ́yìn náà, a máa fi í yangàn ní Paris láìgbé e wá (ẹ ò rí nǹkan!), àfìgbà tó kú ni Vuillaume, aṣe-fáyólìnì ní Paris, tó rà á. Nígbẹ̀yìn, ìdílé Hill, àwọn oníṣòwò fáyólìnì ní London, ló fi ta ilé yìí lọ́rẹ. Èmi tí mo ń ta fáyólìnì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣe ni ìka ń yún mi.