Kí Itẹ́ Òkú Àtijọ́ Tó Di Ọgbà Ìgbafẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi katapílà ta yín lọ́rẹ fún iṣẹ́ yìí, ẹ dá a padà. Itẹ́ òkú tí igbó ti bò láàárín ilé ní Àkúrẹ́ lè di ọgbà ìgbafẹ́ láì hú òkú kankan.

Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi itẹ́ òkú àti ọgbà ìgbafẹ́ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bó bá jẹ́ ti ìjọ tàbí ti mọ́ṣáláṣí, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ àwọn náà. Ìpàdé ẹgbẹ́ onílé nìkan kò tó. Ẹ kéde lórí rédíò, kí wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, kí ẹ sì fún àwọn ẹbí ní oṣù mẹ́ta. Ọmọ olóòkú tó wà l'Ékòó tí kò gbọ́ ni yóò gbé lọ́yà dé lẹ́yìn tí owó bá ti wọlẹ̀ tán. Ẹ má sì bi wọ́n pé “ṣé ẹ fẹ́ ọgbà?”, ta ni yóò ní òun kò fẹ́? Ẹ bi wọ́n níbi tí ọmọdé kò gbọdọ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù, àti ẹni tí yóò máa gé koríko ní oṣù keje.

Oṣù kìíní, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ni kí ẹ ṣánko. Àdá ni, kì í ṣe iná, torí ooru máa ń la tẹ̀ràsò orí sàréè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan kí ejò lè ráyè lọ. Ẹ fún sàréè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ orí rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan òkúta kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọ̀pá irin tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, kí ẹ rọra máa tì í bọlẹ̀ láàárín àwọn òkúta. Ibi tó bá ti wọlé wọ̀ọ̀ láì lo agbára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sàréè tí kò ní àmì, tàbí ibi tí pósí ti jẹrà. Ẹ fi ẹfun sàmì sí i. Erùpẹ̀ pupa ni ẹ ó fi dí ibi tó jìn, íǹṣì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gún un dáadáa, kí òjò ọdún kan sì rọ̀ sí i. Íntálọ́ọ̀kì tí wọ́n tẹ́ lórí rẹ̀ ní oṣù kẹta á ti jìn kí oṣù kẹjọ tó parí.

Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀nà. Ẹ gbé e ga. Ẹ to kẹ́ẹ̀bù (búlọ́ọ̀kù etí ọ̀nà) sórí ilẹ̀, ẹ da sitóòn-dọ́ọ̀sì sáàárín rẹ̀, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Bí egungun bá yọjú, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ bò ó, ẹ pe ẹbí àti ọlọ́pàá.

Igi ńlá máa ń fi gbòǹgbò gbé òkúta sàréè sókè; ẹ fi èyí tó wà sílẹ̀, ẹ má gbin òmíràn. Pèrègún ni kí ẹ fi ṣe ọgbà yípo: ẹ gé e ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tì í bọlẹ̀ nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Kànga àti bohóòlù kò gbọdọ̀ sí nínú ọgbà yìí rárá. Omi inú táǹkì ni kí ẹ lò, kí ṣáláńgá sì wà lẹ́yìn ògiri.